Ohun Tí Òfin Èkó Mọ̀ sí Àdéhùn Ilé Gbígbé

Èrò méjì ló gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń gba ilé àti àwọn tó ń fi ilé háyà ní Èkó, àwọn méjèèjì ló sì ń kó ènìyàn sí wàhálà. Àkọ́kọ́ ni pé ayálégbé tí kò fọwọ́ sí ìwé kankan, àlejò lásán ni nínú ilé tó ń gbé, ọjọ́ tó bá wu onílé ló lè ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ìkejì ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá ti kọ sínú àgírímẹ́ǹtì, tí ayálégbé sì ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó parí síbẹ̀, òfin kò ní nǹkan kan í sọ sí i mọ́. Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí gómìnà ìgbà náà, Babatunde Raji Fashola, buwọ́ lù ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún onílé àti ayálégbé láti ṣe àdéhùn tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dí ibi tí wọn kò bá ti sọ nǹkan kan, ó sì ya àwọn ohun díẹ̀ sọ́tọ̀ tí kò sí ìwé tó lè yí wọn padà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ibi tí òfin ti gbà kí ìwé borí òun gan-an ni ẹ̀tọ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ ayálégbé, tó sì ń bọ́ lọ́wọ́ onílé náà nígbà míràn, nítorí pé ibẹ̀ ni a kì í kà.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé tí kò sí. Apá kẹta òfin náà sọ pé àdéhùn ilé gbígbé ti wà níbikíbi tí onílé bá ti gba owó tàbí ohun tó níye lórí lọ́wọ́ ẹnìkan kí onítọ̀hún lè lo ilé rẹ̀ fún àkókò kan, ìbáà jẹ́ ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ìwé ni wọ́n kọ, ìbáà sì jẹ́ pé wọ́n kọ apá kan tí wọ́n fẹnu sọ ìyókù. Ìyá tó gba yàrá kan ní Mushin, tó ka owó oṣù mẹ́fà sí bàbá onílé lọ́wọ́ láìkọ nǹkan kan, ti di ayálégbé lójú òfin bákan náà pẹ̀lú ẹni tí lọ́yà kọ ìwé gbọọrọ fún. Ilé tí wọ́n bá gbà fún ohun tó ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà ló yàtọ̀. Ìyẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n ṣe ní ìlànà díìdì. Kí wá ni ìwé wà fún, bí ẹnu bá tó? Ẹ̀rí ni. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, onílé yóò sọ tirẹ̀, ayálégbé yóò sọ tirẹ̀, adájọ́ tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni yóò sì pinnu ẹni tí òun gbà gbọ́.

Ìdí nìyí tí apá karùn-ún fi sọ ọ́ di dandan pé kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì owó ilé. Ọjọ́ tí wọ́n gba owó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti àkókò tí owó náà wà fún. Onílé tó bá kọ̀ lè san ìtanràn 10,000 náírà. Ẹ wá wo rìsíìtì tí ọ̀pọ̀ ń gbà: bébà pélébé tí wọ́n ya láti inú ìwé rìsíìtì tí wọ́n ń tà lọ́jà, orúkọ ayálégbé wà lókè, wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ iye owó, wọ́n sì tún fi nọ́ńbà kọ ọ́, “owó ilé” ló wà níbi tí wọ́n ní kí wọ́n kọ ìdí owó sí, onílé sì ti sáìnì sísàlẹ̀. Ó jọ pé ohun gbogbo pé, ṣùgbọ́n àkókò tí owó náà wà fún kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìlà tí wọ́n fò yẹn ni yóò sọ bóyá owó ọdún kan ni tàbí ti oṣù mẹ́fà, ìgbà tí ọdún ayálégbé bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó ń parí. Àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ láti báńkì kò bọ́ nínú rẹ̀. Alẹ́ẹ̀tì ń fi hàn pé owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò fi hàn pé owó ilé ni, bí ẹni tó fi ránṣẹ́ kò bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó ilé ni, ilé báyìí, láti oṣù báyìí dé oṣù báyìí. Kò gba ìṣẹ́jú méjì láti kọ ọ́.

Níbi tí àdéhùn bá ti dákẹ́, òfin ló ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kúìtì, ìyẹn ìwé tí onílé fi ń sọ fún ayálégbé pé kó jáde, ni èyí sì ti hàn jù. Bí onílé àti ayálégbé kò bá fẹnu kò lórí iye ọjọ́ tí kúìtì yóò jẹ́, apá kẹtàlá sọ pé oṣù kan ni fún ẹni tó ń san owó lóṣooṣù, oṣù mẹ́ta fún ẹni tó ń san án ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, oṣù mẹ́fà sì ni fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún. Bí kò bá sí ẹ̀rí irú ayálégbé tí ẹnìkan jẹ́, bó ṣe ń san owó ni wọn yóò wò. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń san lọ́dọọdún, tí ọdún rẹ̀ ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Bí onílé bá fẹ́ kó jáde lọ́jọ́ náà, kúìtì ti gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí oṣù keje tó wọlé. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, kò tíì bàjẹ́, nítorí òfin 2011 kò fi dandan lé e pé kí kúìtì parí ní àyájọ́ ọdún gan-an. Ó lè parí lẹ́yìn rẹ̀, kó ṣáà ti pé oṣù mẹ́fà. Bí oṣù mẹ́fà bá pé tí ayálégbé kò jáde, ìwé kejì ló kàn, ìwé ọjọ́ méje tó ń sọ fún un pé onílé ń lọ sí kọ́ọ̀tù láti gba ilé rẹ̀. Ìwé yìí máa ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn láyà. Wọ́n rò pé tó bá di ọjọ́ kẹjọ, bélífù yóò wọlé. Rárá o. Ọ̀nà kọ́ọ̀tù ni ìwé náà ṣí. Níbẹ̀, adájọ́ yóò gbọ́ ti onílé, yóò gbọ́ ti ayálégbé, òun nìkan ló sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n kó ẹrù ẹnikẹ́ni jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ tún gbólóhùn náà kà: bí wọn kò bá fẹnu kò. Gbogbo oṣù mẹ́fà tí òfin fún ayálégbé ọlọ́dọọdún, níbi tí kò sí àdéhùn míràn ló ti wúlò. Bí àgírímẹ́ǹtì tó sáìnì bá sọ pé kúìtì oṣù kan ló tọ́ sí i, oṣù kan náà ni kọ́ọ̀tù yóò kà fún un. Ó tún ku ọ̀kan tó le ju ìyẹn lọ. Ìwé kan lè sọ pé ayálégbé gba ilé náà lọ́dọọdún. Òmíràn lè sọ pé ó gbà á fún ọdún kan, láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí. Iye owó kan náà ni, yàrá kan náà, lójú ẹni tó ń sáré kó ẹrù wọlé kò sí ìyàtọ̀. Lójú òfin, ẹni àkọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí kúìtì oṣù mẹ́fà. Ẹni kejì kò lẹ́tọ̀ọ́ sí kúìtì kankan nígbà tí ọdún rẹ̀ bá pé, torí pé ọjọ́ tí yóò jáde ti wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ọjọ́ méje nìkan ni onílé yóò fún un, ó di kọ́ọ̀tù. Èmi kò sọ pé irú àdéhùn kejì yìí burú. Onílé tó mọ̀ pé ọmọ òun ń ti òkè òkun bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ní ìdí tó dára láti ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohun tó burú ni pé kí ẹni tó ń wọlé má mọ èyí tí òun gbà.

Ó sì rọrùn kó má mọ̀ ọ́n, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní Èkó, lọ́yà onílé ló sábà máa ń kọ àgírímẹ́ǹtì, ayálégbé ló sì ń san owó rẹ̀, pẹ̀lú owó éjẹ́ńtì, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ ń gbà. Ẹni tó ń sanwó ìwé kọ́ ni ìwé ń ṣojú fún. Lẹ́yìn náà, ó di dandan kó san gbogbo owó kó tó fojú kan ìwé. Nígbà tí wọ́n bá sì gbé e wá, owó ti wọlé, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló fẹ́ tún máa jà lórí ìlà kẹrìnlá? Nínú gbogbo àṣà ilé gbígbé ní ìlú yìí, èyí ló bí mi nínú jù, torí pé kò sí òfin tó fi dandan lé e. Kò sí ohun tó ní kí ayálégbé má sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí àgírímẹ́ǹtì kí n tó sanwó.” Onílé tó bá ń fi òótọ́ inú ṣe é kò ní bínú sí i. Tí èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ náà tún wá ńkọ́? Òyìnbó ni, òyìnbó àwọn lọ́yà sì ni. Òfin Èkó ní ètò fún èyí, èyí tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé: ẹni tó bá kọ ìwé fún irú wọn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sórí ìwé náà, ó sì gbọ́dọ̀ kà á, kó túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni náà yé kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àwọn ilé-ẹjọ́ sì ti là á pé ẹni tí kò lè ka èdè tí wọ́n fi kọ ìwé wà lára àwọn tí ààbò yìí wà fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ka Bíbélì Yorùbá láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. Ìyá tí kò gbọ́ òyìnbó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n fi Yorùbá ka àgírímẹ́ǹtì náà sétí òun láti òkè dé ilẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà, síbẹ̀, tí òfin kò jẹ́ kí ìwé dá sí. Onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ilé. Lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbébẹ̀, kò gbọdọ̀ gbà ju owó oṣù mẹ́fà lọ bí ó bá jẹ́ pé oṣooṣù ni àdéhùn wọn, tàbí owó ọdún kan bó bá jẹ́ ọdọọdún. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ló wà fún ẹni tó bá rú èyí. Onílé kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ayálégbé, kò sì gbọdọ̀ gé omi tàbí iná tí gbogbo ilé jọ ń lò mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹni tó bá fi tipátipá lé ayálégbé jáde, tó ṣí òrùlé tàbí wó apá kan ilé mọ́ ọn lórí láìgba àṣẹ kọ́ọ̀tù, tàbí tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu halẹ̀ mọ́ ọn, lè san ìtanràn tó tó 250,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ìwé tó bá sọ pé “bí ayálégbé bá jẹ gbèsè, onílé lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa” kò lè gba onílé náà sílẹ̀. Ṣáájú òfin yìí pàápàá, ní ọdún 1997, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Ihenacho àti Uzochukwu pé onílé kò gbọdọ̀ fi agbára gba ilé lọ́wọ́ ayálégbé, ọ̀nà òfin ni kó gbà.

Ní ti àtúnṣe, kò ṣòro: ayálégbé ló ń tọ́jú inú ibi tó ń gbé, onílé ló ń tún ìta àti àwọn ibi tí gbogbo ilé jọ ń lò ṣe. Bí wọ́n bá ń gba owó ìtọ́jú ilé tàbí owó ìdógò lọ́wọ́ ayálégbé, rìsíìtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti owó ilé, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ìṣirò bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ayálégbé fi sọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu tó tó láti sọ ọ́ di ayálégbé kò tó fún ohun gbogbo. Bí ó bá fẹ́ yí ilé náà padà, tàbí kó fi yàrá kan nínú rẹ̀ háyà fún ẹlòmíràn, onílé gbọ́dọ̀ kọ ọ́ níwèé pé òun gbà. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ lẹ táìsì, tó wa kànga ẹ̀rọ, lè gba owó ìdápadà bí onílé bá ní kó jáde, àmọ́ àfi bí ìwé àṣẹ onílé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Bàbá ní kí n ṣe é” kò ní gba owó náà padà fún un.

Àwọn kan yóò ní gbogbo èyí kò ju orí bébà lọ. Wọn yóò ní ta ni kò mọ̀ pé àwọn onílé ṣì ń gba owó ọdún méjì, pé ilé kò tó, pé ayálégbé tó bá ń sọ òfin, éjẹ́ńtì yóò kàn pe ẹlòmíràn ni? Mo gbà pé òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Mo tilẹ̀ rò pé òfin fúnra rẹ̀ dá kún un, nítorí ó sọ ẹni tó gba owó ọdún méjì di ọ̀daràn, ó sì sọ ẹni tó san án di ọ̀daràn pẹ̀lú. Ta ni yóò wá lọ fẹjọ́ sùn, nígbà tí ẹjọ́ náà yóò kan òun náà? Àwọn aṣòfin ìbá ti dá ẹni tó san owó sí. Òfin náà sì yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ohun tó wà nínú ìwé wọn ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀ máa gbára lé jù. Ẹni tó ń gbé ní Mowé, Ìbàfò tàbí Àkúté náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, abẹ́ òfin Ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà. Síbẹ̀, pé wọ́n ń rú apá kan òfin kò sọ ìyókù di asán. Ní 1997, ìjọba ológun Èkó ṣe òfin tó kọ iye tí owó ilé yóò jẹ́ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ọjà kò gbọ́, àwọn ènìyàn kò sì tẹ̀ lé e. Òfin 2011 kò bá ọjà jà bẹ́ẹ̀. Kò fi iye lé owó ilé. Ohun tó ṣe ni pé ó jẹ́ kí ayálégbé tí wọ́n fowó kún owó ilé rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù, kí adájọ́ wo iye tí wọ́n ń san ládùúgbò náà, kó gbọ́ ẹlẹ́rìí, kó sì sọ bóyá àfikún náà bójú mu. Ayálégbé kò lágbára lórí owó nígbà tó ń wá ilé. Lẹ́yìn tó ti wọlé, bí rìsíìtì rẹ̀ bá pé, agbára rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe rò lọ.

Àtakò àwọn onílé wúwo ju èyí lọ lójú mi. Wọ́n ní àwọn fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́lé, ayálégbé wọlé, kò sanwó mọ́, nígbà tí àwọn sì délé ẹjọ́, lọ́yà rẹ̀ ní kúìtì fi ọjọ́ kan dín, ẹjọ́ bá fẹjú fún ọdún púpọ̀. Ìyà gidi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin ṣe fún wọn pọ̀ ju ohun tí wọ́n ń lò lọ. Ayálégbé olóṣooṣù tó bá jẹ owó oṣù mẹ́fà, àdéhùn rẹ̀ ti parí lójú òfin. Bí onílé bá fi ẹ̀rí gbèsè náà hàn, kọ́ọ̀tù yóò dá ilé padà fún un pẹ̀lú owó tí wọ́n jẹ ẹ́. Ti àwọn tó ń san ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, gbèsè ọdún kan ni. Ní 2021, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ parí ẹjọ́ Pillars Nigeria Limited àti Desbordes, ẹjọ́ ilé kan ní Èkó tó ti wà nílẹ̀ láti àwọn ọdún 1990. Adájọ́ Helen Ogunwumiju tó ka ìdájọ́ náà bẹnu àtẹ́ lu àwọn ayálégbé tó ń fi àbùkù inú kúìtì sá pamọ́ sínú ilé onílé. Ó ní bí onílé bá ti pẹjọ́, tí ìwé ìpẹ̀jọ́ sì ti tẹ ayálégbé lọ́wọ́, ìyẹn náà ti tó ìkìlọ̀ fún un pé kó jáde. Onílé tó ní ìwé tó ṣe kedere, tó sì ń fún ayálégbé ní rìsíìtì tó pé, ni ìdájọ́ yìí wúlò fún jù, nítorí gbèsè ni yóò kọ́kọ́ fi hàn, rìsíìtì tó fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ń fi hàn ibi tí owó ti dúró. Àwọn tí kò lówó ẹjọ́ náà lè lọ sí Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń báni parí ìjà onílé àti ayálégbé láìgba kọ́bọ̀.

Ó wá ku àwọn tó ń sọ pé ìwé ń ba ìfẹ́ jẹ́, pé ará ìlú kan náà ni àwọn, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí kan náà, kí ni a ń kọ sílẹ̀ láàárín ara wa? Mo bọ̀wọ̀ fún èrò náà, torí pé ọ̀pọ̀ ayálégbé ti fi ogún ọdún gbé ilé ẹnìkan láìsí ariwo kankan. Àmọ́ àwọn méjèèjì tó mọ ọ̀rọ̀ náà kọ́ ni yóò jọ wà láéláé. Bí bàbá onílé bá kú, àwọn ọmọ á pín ilé náà ní yàrá-yàrá, èyí àbúrò á ní òun lòun ni yàrá tó wà lójú pópó, àwọn tí kò gbọ́ ohun tí bàbá sọ ni yóò wá máa kan ilẹ̀kùn. Ikú onílé kì í pa àdéhùn tí àkókò rẹ̀ kò tíì pé. Ẹni tó jogún ilé, oṣù tó ṣẹ́kù fún ayálégbé lórí rẹ̀ ló jogún pẹ̀lú. Bí rìsíìtì bá fi hàn pé wọ́n ti gba owó dé ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, àwọn ọmọ kò lè gba owó àkókò yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ayálégbé náà kò sì lè sọ fún wọn pé bàbá ní kí òun gbé e di ọdún tó ń bọ̀.